Ẹ má tíì da ètò àtijọ́ yẹn nù

Ìbéèrè tó wọlé rèé, mo kàn gé e kúrú díẹ̀ ni:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni akọ̀wé kíláàbù kékeré kan, bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá àti eré sísá la ń ṣe, ọmọdé ló pọ̀ jù nínú wa, gbogbo wa lápapọ̀ ò ju ọgọ́rin lọ. Lọ́dún méjì sẹ́yìn a kọ ètò ìdàgbàsókè ọlọ́dún mẹ́rin, ojú ewé 24, a tẹ̀ ẹ́ jáde dáadáa, a tiẹ̀ ya fọ́tò pẹ̀lú ẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn kò sẹ́ni tó ṣí i mọ́. Àwọn kan wá fẹ́ ràn wá lọ́wọ́ báyìí, wọ́n ní ká mú ètò wa wá ká tó máa sọ̀rọ̀. Alága wa ní ká gbé e fún ẹni tó mọ̀ ọ́n kọ, kó bá wa kọ tuntun. Èmi ń wò ó pé ká tún ti àtijọ́ ṣe. Èwo ló dáa níbẹ̀, báwo la sì ṣe máa ṣe é tí kò fi ní padà sínú dúrọ́ọ̀?"

Akọ̀wé, ẹ kú wàhálà kíláàbù, mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Tèmi ni pé ọ̀dọ̀ yín ni òótọ́ wà, kì í ṣe ọ̀dọ̀ alága, ṣùgbọ́n ẹ má lọ sọ bẹ́ẹ̀ ní ìpàdé o, màá padà sórí ìyẹn nísàlẹ̀. Ìdí tí mi ò fi fara mọ́ kíkọ tuntun ò le rárá: ohun tó pa ètò àkọ́kọ́ ṣì wà láàárín yín, ẹ ò tíì mọ orúkọ ẹ̀, òun náà ló sì máa pa èkejì. Ẹni tí ẹ bá sanwó fún á kọ ọ́ o, èdè á dùn, tábìlì á tò, àwòrán á wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí àwọn tó fẹ́ ràn yín lọ́wọ́ bá béèrè pé "kí ló dé tẹ́ ẹ fi kọ ọmọ 40 síbí", alága á máa wo ojú yín, ẹ̀yin náà á máa wo ojú akápò. Àwọn tó ń fúnni lówó ti ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ kú, ojú ewé kejì ni wọ́n ti máa ń mọ̀ pé àlejò ló kọ ọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ jókòó ti ojú ewé 24 yẹn ná. Ẹ pe èèyàn bíi mẹ́fà: ẹ̀yin, akápò, kóòṣì méjì, òbí kan tí kì í ṣe ìyàwó tàbí ọkọ ẹnikẹ́ni nínú ìgbìmọ̀, àti eléré kan tó ti lé lọ́mọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Alága lè wà níbẹ̀ ṣùgbọ́n kó má jẹ́ pé òun ló ń darí ẹ̀. Ẹ mú bírò pupa, ẹ ka ètò yẹn láti ìlà dé ìlà, kí ẹ kọ ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ mẹ́ta sẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo ìlérí tó bá wà níbẹ̀: A ṢE É, A BẸ̀RẸ̀ Ẹ̀, A Ò FỌWỌ́ KÀN ÁN. Kò ju wákàtí méjì lọ, ó sì máa ń dunni díẹ̀, ṣùgbọ́n a kì í sunkún ká má ríran. Tí ẹ bá dé ibi tí ẹ ò fọwọ́ kàn, ẹ má tíì béèrè ohun tó fà á, ẹni tó yẹ kó ṣe é ni kí ẹ béèrè. Mo lè fi fìlà mi ta tẹ́tẹ́ pé ohun tí ẹ máa bá níbẹ̀ ni "kíláàbù yóò ṣe èyí, kíláàbù yóò ṣe tọ̀hún". Kíláàbù wo? Kíláàbù ò ní fóònù, kì í jí láàárọ̀, kò sẹ́ni tó lè pè é kó bi í pé ibo lo bá iṣẹ́ dé.

Ẹ ti máa gbọ́ nípa SMART, lẹ́tà márùn-ún tí gbogbo èèyàn fi ń kọ àfojúsùn. Ọdún 1981 ni George Doran gbé e jáde nínú ìwé ìròyìn Management Review, lẹ́tà A tó wà níbẹ̀ nígbà yẹn, "assignable" ló dúró fún, ìyẹn ni pé ṣé iṣẹ́ yìí ní ẹni tí a lè gbé e lé lọ́wọ́. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni àwọn èèyàn wá sọ ọ́ di "achievable", pé kó ṣáà jẹ́ ohun tó ṣeé ṣe. Lójú tèmi, ọjọ́ tí wọ́n yí lẹ́tà yẹn padà ni ètò ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ti di ọmọ òrukàn. Ohun tó ṣeé ṣe pọ̀ láyé yìí jàre, ẹni tó máa ṣe é ló wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Mo wà nínú ìgbìmọ̀ kíláàbù kan nígbà kan, a kọ ọ́ sínú ètò pé ká tó lo ọdún kan a máa ní tíìmù àwọn ọmọbìnrin. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Kóòṣì tó máa kọ́ wọn ò sí ní ìpàdé yẹn, ibi tó ti gbọ́ ni orí pápá, òbí kan ló wá bá a pé ìgbà wo lẹ máa bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin náà ò kórìíra ẹ̀ o, ó kàn jẹ́ pé ọjọ́ tó wà fún ìgbáradì ti kún, ibi tí ọmọbìnrin lè ti pààrọ̀ aṣọ ò sí, kò sì sí obìnrin kankan tó máa dúró tì wọ́n. Ohun mẹ́ta tó jẹ́ pé tí a bá pè é sí ìpàdé á sọ ọ́ ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Odidi ọdún kan la fi ṣòfò, àwa la sì fà á, kì í ṣe kóòṣì.

Lẹ́yìn ìyẹn ẹ lọ ka orí. Mo mọ̀ pé ẹ ní "kò ju ọgọ́rin lọ", ṣùgbọ́n iye yẹn nìkan ò sọ nǹkan kan fún mi. Ká ní ẹ jẹ́ 78 lọ́dún tó kọjá, ẹ wá jẹ́ 80 lọ́dún yìí, á dà bíi pé ẹ dúró ire. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé 30 ló lọ, tí 32 sì wọlé, apẹ̀rẹ̀ tó ń jò lẹ gbé lọ pọn omi yẹn, gbogbo agbára tí ẹ fi ń wá ọmọ tuntun, àwọn tó lọ lẹ fi ń dí. Nítorí náà ẹ gbé rẹ́jísítà ọdún méjì sílẹ̀, ẹ kọ àwọn tó wọlé sọ́tọ̀, ẹ kọ àwọn tó lọ sọ́tọ̀, ẹ wo ọjọ́ orí wọn, ẹ wo ọkùnrin ẹ wo obìnrin, ẹ wo ọ̀dọ̀ kóòṣì tí wọ́n wà kí wọ́n tó lọ. Èyí tó kẹ́yìn yìí máa ń dá ìjà sílẹ̀, kí ẹ̀yin àti ẹnì kan ṣoṣo kọ́kọ́ wò ó.

Ẹ tún wo oṣù tí wọ́n bí wọn. Ẹ máa rò pé mo ń ṣeré ni. Ní 1985 Roger Barnsley àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ wo àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbá họ́kì orí yìnyín nípele gíga ní Kánádà, wọ́n rí i pé àwọn tí wọ́n bí ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú ọdún pọ̀ gan-an ju àwọn tí wọ́n bí ní oṣù mẹ́ta ìparí lọ. Kì í ṣe oríire oṣù o. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ni wọ́n fi ń pín ọjọ́ orí, ọmọ tí wọ́n bí ní January àti ọmọ tí wọ́n bí ní December ọdún kan náà wà nínú ẹgbẹ́ kan, ọ̀kan fi bí ọdún kan ju èkejì lọ, ní ọmọ ọdún mẹ́wàá ìyẹn tóbi, ó ga jù ú, ó sáré jù ú, kóòṣì á wá rò pé ẹ̀bùn ni, á máa gbé e wọlé, ìkejì á máa jókòó sórí bẹ́ǹṣì títí á fi lọ sílé. Látìgbà yẹn wọ́n ti rí irú ẹ̀ nínú bọ́ọ̀lù àtàwọn eré mìíràn káàkiri ayé. Tí ẹ bá rí i pé àwọn ọmọ ìparí ọdún ló pọ̀ nínú àwọn tó ń lọ, ẹ ti rí ohun kan tí ẹ lè tún ṣe láìná kọ́bọ̀: kí gbogbo ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjìlá máa gbá ìlàjì eré ó kéré tán.

Ẹ wá pe mẹ́wàá nínú àwọn tó lọ. Ìbéèrè kan ṣoṣo: kí ló jẹ́ kí ẹ kúrò? Kí ẹ gbọ́ ọ kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ má gbèjà ara yín. Nínú gbogbo kíláàbù tí mo ti bá ṣe é, ohun tí wọ́n máa ń sọ fún mi ni pé ọmọ mi kì í gbá, kóòṣì ń pariwo mọ́ ọn, àkókò ò bára mu, ilẹ̀ ti máa ń ṣú kó tó délé. Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni mo gbọ́ pé torí bọ́ọ̀lù ò tó tàbí torí jẹ́sì ò dáa, bẹ́ẹ̀ ohun tó máa ń wà lókè pátápátá nínú ètò ni "ríra ohun èlò tuntun". Ẹ fi ìyẹn wé tiyín.

Ọ̀rọ̀ owó, mi ò fẹ́ pẹ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ torí pé àwọn olùrànlọ́wọ́ ti ń bọ̀. Ẹni tó jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Leeds United ní England dé semi-final Champions League ní 2001, owó ńlá ni wọ́n ti yá, wọ́n sì gbé gbogbo ìṣirò wọn lé e pé àwọn á máa wọ ìdíje yẹn lọ́dọọdún. Wọn ò wọ̀ ọ́ mọ́. Ní 2002 wọ́n ta Rio Ferdinand fún Manchester United, ní 2004 wọ́n já kúrò ní Premier League, ní 2007 wọ́n já dé ìpele kẹta, 2020 ni wọ́n tó padà sókè. Ẹ̀yin ò tóbi tó bẹ́ẹ̀ ṣùgbọ́n àṣìṣe náà ló wà nínú "tí ìrànlọ́wọ́ bá dé a máa gba kóòṣì mẹ́ta". Ẹ pín ojú ewé owó sí méjì, apá kan fún ohun tí ẹ máa ṣe pẹ̀lú owó tó wà nílẹ̀, apá kejì fún ohun tí ẹ máa fi kún un tí ẹnì kan bá gbọ̀wọ́. Kí ohunkóhun tó wà lápá kìíní má gbára lé apá kejì. Àwọn olùrànlọ́wọ́ fúnra wọn fẹ́ràn ẹ̀, torí wọ́n máa rí ibi tí owó wọn á ti ṣiṣẹ́ gan-an.

Ó kù kí ẹ yan. Ẹnì kan á sọ pé ká ya àpótí mẹ́rin yẹn, agbára wa, àìlera wa, àǹfààní, ewu. Ó dáa, ẹ fi ìdajì wákàtí ṣe é, kó má gba gbogbo ọjọ́ mọ́ yín lọ́wọ́, mo ti rí ìpàdé tó jẹ́ pé ibẹ̀ ni wọ́n sùn sí, gbogbo ògiri kún fún bébà, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó máa ṣe ní Monday. Ohun mẹ́ta ni kí ẹ mú. Mẹ́rin tó bá le gan-an. Ti 24 ojú ewé yẹn, ẹ sọ fún mi iye ohun tó wà níbẹ̀, ó dá mi lójú pé ó ju ogún lọ, ta ló fẹ́ ṣe ogún nǹkan nínú ẹgbẹ́ tí gbogbo èèyàn ń yọ̀ǹda ara wọn lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́?

Báyìí ni mo ṣe fẹ́ kí ẹ kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ká ní ohun tó wà nínú ti àtijọ́ ni "kíláàbù yóò mú ìdàgbàsókè bá eré àwọn ọmọbìnrin". Ẹ sọ ọ́ di: "Nígbà tí oṣù kẹfà bá fi parí, ọmọbìnrin 15 á ti máa wá fún ìgbáradì lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kóòṣì lágbájá ló ni iṣẹ́ yìí, ìyá tàmẹ̀dò ni igbákejì ẹ̀, bọ́ọ̀lù mẹ́fà àti ọjọ́ Saturday láàárọ̀ ti wà fún wọn, tí wọn ò bá pé mẹ́jọ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, a máa jókòó lé e lórí bóyá àkókò ni tàbí ibi." Ẹ rí gbólóhùn ìkẹyìn yẹn, òun ni àwọn èèyàn kì í kọ. Ẹ jẹ́ kó wà lákọọ́lẹ̀ ṣáájú pé báyìí ni a ó ṣe mọ̀ tí kò bá ń lọ, kí ó má baà jẹ́ pé ọjọ́ tí kò bá lọ ni a máa bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tí a máa dá lẹ́bi.

Ẹ má sì wo kíláàbù ńlá kọ. Brentford, kíláàbù bọ́ọ̀lù kan ní London, ti akadẹ́mì wọn pa ní 2016, gbogbo èèyàn bú wọn, pé kíláàbù wo ló ń ti ilé ìkọ́mọ pa. Ohun tí wọ́n rí ni pé tí ọmọ wọn bá ti dáa, kíláàbù tó ju wọ́n lọ á wá mú un lọ, owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n ń gbà, wọ́n wá dá tíìmù B sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ tí àwọn mìíràn ti jù sílẹ̀. Ní 2021 wọ́n wọ Premier League, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti 1947 tí wọ́n máa dé ìpele òkè pátápátá. Nígbà tí wọ́n wá débẹ̀ tí nǹkan ti yí padà, wọ́n tún ṣí akadẹ́mì padà. Àwọn tó bú wọn lọ́jọ́sí ní ṣé ẹ rí i, wọ́n ti jẹ̀bi. Rárá o. Ìpinnu méjì tó kọjú ìjà síra wọn ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì tọ̀nà ní àkókò tiẹ̀.

Àwọn nǹkan kan wà tí kì í ṣe àfojúsùn, kí ẹ má fi wọ́n sínú dìbò. Àgbàlagbà kan ò gbọ́dọ̀ dá wà níkọ̀kọ̀ pẹ̀lú ọmọ kan, gbogbo ọmọ àti òbí gbọ́dọ̀ mọ orúkọ ẹni tí wọ́n lè lọ fẹjọ́ sùn tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, kí ẹni yẹn má jẹ́ kóòṣì wọn. Ẹ wádìí àwọn kóòṣì kí ẹ tó gbé ọmọ lé wọn lọ́wọ́. Àpótí ìtọ́jú àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ wà lórí pápá, kì í ṣe nínú ọkọ̀ alága. Tí àrá bá sán, kí gbogbo èèyàn kúrò lórí pápá, kí ẹnikẹ́ni má padà títí á fi pé 30 ìṣẹ́jú tí wọ́n gbọ́ àrá ìkẹyìn. Ìpìlẹ̀ nìyẹn, tí kò bá sí, ẹ má tíì sọ̀rọ̀ ìdàgbàsókè.

Ó wá ku àtúnyẹ̀wò, ibi tí ti yín kú sí gan-an nìyí. Ọjọ́ tí ẹ bá fọwọ́ sí ètò yẹn, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ kọ déètì àtúnyẹ̀wò mẹ́rin tó ń bọ̀ sílẹ̀, oṣù mẹ́ta mẹ́ta, wákàtí kan péré, kí ó má bá ìpàdé mìíràn pọ̀, torí tí ẹ bá fi sí ìparí ìpàdé lásán, owó jẹ́sì àti ìjà orí WhatsApp ló máa jẹ gbogbo àkókò. Ẹni tó ni iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan á wá sọ mẹ́ta: ibo la dé, kí ló dí wa lọ́wọ́, kí ni mo nílò kó tó di ìgbà mìíràn. Alága á gbọ́, òun kọ́ lá darí ẹ̀. Kí ẹni tó ni iṣẹ́ náà mú ẹ̀rí wá pẹ̀lú. Àwọn kan máa ń lo àwọ̀ bíi iná títì, àwọ̀ ewé, yẹ́lò, pupa, mi ò ní nǹkan sí i ṣùgbọ́n ojú mi ti rí i, tí kò bá sí ẹ̀rí, gbogbo ẹ̀ á di àwọ̀ ewé títí di oṣù tí gbogbo ẹ̀ á ṣubú lẹ́ẹ̀kan náà. Rẹ́jísítà ni ẹ̀rí, rìsíìtì ni ẹ̀rí, "ó ń lọ dáadáa" kì í ṣe ẹ̀rí.

Ohun tó ṣe pàtàkì jù tí ẹ máa yà sọ́tọ̀ níbẹ̀ ni pé "a ò ṣe é" yàtọ̀ sí "a ṣe é, kò ṣiṣẹ́". Ká ní ẹ kọ ọ́ pé kóòṣì mẹ́rin á lọ kẹ́kọ̀ọ́ kí àwọn ọmọ má baà máa lọ mọ́. Tó bá jẹ́ pé ẹnì kan ló lọ, ọ̀rọ̀ ẹni tó ni iṣẹ́ ni, tàbí owó, tàbí àkókò, ẹ tún un ṣe. Ṣùgbọ́n tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá lọ tí wọ́n gba ìwé ẹ̀rí bọ̀, tí àwọn ọmọ sì ń lọ síbẹ̀, iṣẹ́ yẹn ti parí, èrò tó wà nídìí ẹ̀ ni kò tọ̀nà, bóyá ilẹ̀ tó ń ṣú yẹn ló ń lé wọn, kì í ṣe kóòṣì rárá. Ẹgbẹ́ tí kò bá ya méjèèjì yìí sọ́tọ̀ á tún rán kóòṣì mẹ́rin mìíràn lọ lọ́dún tó ń bọ̀.

Tí ẹ bá yí nǹkan padà, ẹ má pa ti tẹ́lẹ̀ rẹ́ nínú kọ̀ǹpútà bíi pé kò ṣẹlẹ̀ rí. Ẹ fa ìlà la á, kọ déètì, kọ ìdí ẹ̀ ní gbólóhùn kan. Àtúnyẹ̀wò ńlá, èyí tí ẹ ti máa pe gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ àtàwọn òbí, ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀kan lọ́dún lẹ́yìn tí sáà bá parí, ẹ jẹ́ kó jìnnà sí àkókò ìbò ìgbìmọ̀, torí tó bá ti súnmọ́ ìbò, ìpolongo ló máa dà.

Ẹ wò ó, kí n má gbàgbé: akọ̀wé ni yín, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé inú láàpútọ́ọ̀pù yín nìkan ni gbogbo nǹkan kíláàbù yìí wà. Tí ẹ bá kó lọ síbòmíì lọ́la, ètò á bá yín lọ ni. Kí gbogbo ipò ní igbákejì tó mọ ibi tí fáìlì wà tó sì mọ páàsíwọ́ọ̀dù, mo ti rí ètò tó dáa gan-an tó kú torí pé ẹnì kan ṣoṣo ṣègbéyàwó ó sì lọ.

Ti alága wá. Ẹ má sọ ní ìpàdé pé ètò wọn kùnà, àwọn ló gbé e dúró nínú fọ́tò yẹn. Ẹ lọ bá wọn nílé, ẹ sọ pé àwọn tó fẹ́ ràn wá lọ́wọ́ á fẹ́ rí ẹgbẹ́ tó ń ka ètò tirẹ̀, ẹ ní kí wọ́n fún yín ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà: ọ̀sẹ̀ kan fún bírò pupa, méjì fún rẹ́jísítà àti ìpè, ọ̀kan láti yan mẹ́ta, méjì láti kọ ọ́ kí gbogbo ẹni tí orúkọ ẹ̀ wà níbẹ̀ kà á kí wọ́n sì fọwọ́ sí i. Ojú ewé márùn-ún ti tó. Kí ti àtijọ́ tí ẹ kọ bírò pupa sí wà lẹ́yìn ẹ̀ bó ṣe wà, ẹ má tún un tẹ̀, ẹ fi lé àwọn olùrànlọ́wọ́ yẹn lọ́wọ́ pẹ̀lú ti tuntun. Alága lè máà fẹ́ ìyẹn ní ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ rọra bá wọn sọ ọ́.

Tí ẹ bá ti ṣírò oṣù ìbí àwọn ọmọ tó lọ, ẹ jọ̀ọ́ ẹ kọ ohun tí ẹ rí ránṣẹ́ sí mi, kódà tí kò bá bá ohun tí mo sọ mu.